Ìwé Ẹ̀rí Wọ Férémù, Iṣẹ́ Ọwọ́ Sùn Sínú Àpótí

Ẹni tó bá rìn láti abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú lọ sí ìhà Akọ́wọ́njọ, tó sì ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ bí ó ti ń lọ, kò ní í pẹ́ kó tó rí ohun kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Lókè orí ọ̀gá, lára ògiri, ni ìwé ẹ̀rí fìrídọ́ọ̀mù máa ń wà, nínú férémù aláwọ̀ wúrà, tí gíláàsì bò ó, tí eruku kò sì gbọdọ̀ bà lé e. Ìwé náà ń jẹ́rìí pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́ṣẹ́, ó sì kọ́ ọ yanjú. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá béèrè iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òdòdó kékeré tó fi òwú aláwọ̀ mẹ́ta gún sára aṣọ funfun nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì ń gún un níka, ibo ni yóò wà? Bí kò bá sí nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, a jẹ́ pé wọ́n ti fi nu ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwé tó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọ férémù. Iṣẹ́ gan-an di àkísà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aránṣọ nìkan. Ẹ wo pálọ̀ àwọn ènìyàn ní Dọ̀pẹ̀mú àti Agége káàkiri. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì ọmọ wà nínú férémù, fọ́tò ọjọ́ ìwúyè wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà ìsìnkú bàbá tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ wà lórí ìṣó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ yọ ọ́. Gbogbo èyí dára, wọ́n sì nídìí. Àmọ́ aṣọ orí tábìlì tí ìyá ilé fi oṣù mẹ́rin gún ní alaalẹ́, ìrọ̀rí tó fi òwú pupa kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí ní ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ẹyẹ ọ̀kín tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gún ní ilé ẹ̀kọ́, ìsàlẹ̀ àpótí ni gbogbo wọn ń gbé, láàárín káńfọ̀ àti aṣọ àtijọ́. Bí ọmọ bá ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a gbé e kọ́ sára ògiri,” èsì tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ọmọ mi, ta ni yóò wò ó? Ṣé èyí náà niṣẹ́?”

Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é. Ìyá tó bá pe iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ní ohun tí kò tó nǹkan ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọmọ náà yóò sì kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ìyá bá fi ayé sílẹ̀, tí ẹbí pé láti pín ẹrù, wúrà yóò ní olúwa, aṣọ òkè yóò ní olúwa, ìyùn yóò ní olúwa. Aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ni wọn yóò fi di àwo tó ń fọ́, kí wọ́n lè rí i kó lọ.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń kọ iṣẹ́ sí ọrùn àti àyà agbádá ẹtù, sányán àti àlàárì. Iṣẹ́ ọkùnrin sì ni nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin òde òní ń rò pé iṣẹ́ obìnrin ni kí ènìyàn di abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere là. Láti ọdún 1853 tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní aṣọ rírán. Nígbà tí ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869, èyí tí ó di St. Anne's ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò gbẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbàgbé bí olùkọ́ ṣe máa ń yí iṣẹ́ dà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iwájú bá dára bí ojú ọ̀run, tí ẹ̀yìn rí wúruwùru, olùkọ́ yóò ní kí ọmọ tú u.

Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ní àtakò, àtakò wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní aṣọ wà fún wíwọ̀, kì í ṣe fún kíkọ́ sára ògiri. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa fi gíláàsì bo aṣọ bí ẹni tó ń tà á. Wọ́n tọ̀nà níbi kan. Agbádá tó ṣì lè wọ ọrùn ènìyàn kò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ àdá férémù. Nígbà mìíràn, ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó ti kú yóò mú sáàsì, yóò gé iṣẹ́ ọrùn kúrò lára agbádá, yóò sì ju ìyókù nù. Èyí burú. Agbádá tó pé jẹ́ ogún, ẹni tí ó bá tọ́ sí ni kó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó, kí àwọn tó mọ bàbá lè wí pé, “Ẹ wò ó, bàbá rẹ̀ ló jọ.” Kìkì èyí tí kòkòrò ti jẹ ara rẹ̀ tán, tí kò ṣeé dí mọ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọrùn nìkan ló kù, ni a lè gbé sínú férémù, kí ẹbí sì fọwọ́ sí i kí sáàsì tó kàn án.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gún bí àwòrán, tí kò ní ọrùn tí kò lápá, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Níbẹ̀ ni àtakò àwọn àgbà kò ti dúró mọ́. Férémù fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ àjèjì mọ́ láti ìgbà tí fọ́tò ti wọ ilé Yorùbá. Bí férémù bá yẹ ojú bàbá, kí ló dé tí kò fi yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá? Ẹni tó bá dé ilé ọnà tí Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní ọdún 1951, kọ́ sí Lẹ́kì, yóò rí i pé àdìrẹ tí àwọn ìyá ń ró mọ́dìí láyé àtijọ́ ti di ohun tí àlejò ń gbé ojú sókè wò lára ògiri. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣọ kékeré tí ọmọdébìnrin fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà ní igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára púpọ̀ nínú wọn. Aṣọ Bayeux ti ilẹ̀ Faransé, tí ó gùn tó nǹkan bí 70 mítà, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú irun àgùntàn gún ìtàn ogun ọdún 1066 sí, ti lé ní 900 ọdún. Òwú lásán ni. Ìtọ́jú ló mú un dé òní.

“Owó ńkọ́?” Ìbéèrè yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará Dọ̀pẹ̀mú, kò sì jẹ̀bi, nítorí ẹni tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ọkọ̀, tó ń ra gààrí lówó tí ń gorí lójoojúmọ́, kò ní owó tí yóò fi ṣe fáàrí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó ń gbówó lórí ni férémù tuntun àti gíláàsì tí wọ́n gé sí i. Àwọn méjèèjì ló sì ṣeé yẹra fún. Férémù àtijọ́ pọ̀ nílé ju bí a ti rò lọ: ti fọ́tò tí omi ti bà jẹ́, ti kàlẹ́ńdà ilé ìfowópamọ́, ti aago ògiri tó ti kú. Nínú ẹrù òkìrìkà pàápàá, férémù máa ń wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n kùn ún, ó ti di tuntun. Ní ti gíláàsì, àwọn tó ti yọ wíńdò lúfà kúrò láti fi èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò sábà máa ń to lúfà náà jọ sẹ́yìn ilé. Abala lúfà kan tó fún iṣẹ́ tí kò fẹ̀ ju íǹṣì márùn-ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo, tó sì gba ìṣó tó lágbára. Ẹni tí kò ní férémù rárá tún ní òrùka pákó tó fi fa aṣọ le nígbà tó ń gún un. Kí ó fi aṣọ náà sílẹ̀ sínú òrùka, kí ó gé etí rẹ̀ yíká ku íǹṣì kan àbọ̀, kí ó fi òwú ran etí náà ní ìrán gbọọrọ, kí ó sì fà á ṣùrù sẹ́yìn bí ẹnu àpò. Iṣẹ́ parí nìyẹn, kò sì ná an ní kọ́bọ̀.

Ohun tí owó kò lè rà, tó sì jẹ́ pé òun ló ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́, ni sùúrù. Kí aṣọ tó wọ férémù, ó gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí òógùn ọwọ́ àti epo ara tí kò hàn lónìí yóò di àmì pupa rúsúrúsú lọ́dún mélòó kan sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin aṣọ funfun kékeré, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òwú pupa àti òwú aró láti ẹ̀yìn. Bí àwọ̀ bá jáde, kí wọ́n má ṣe fọ̀ ọ́, kí wọ́n kàn gbọn eruku rẹ̀. Bí kò bá jáde, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni, láìsí háípò, láìfún un. Inú táwẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n ká a sí láti gba omi rẹ̀, kí wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì mìíràn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má baà tẹ òwú tó yọ sókè pẹrẹsẹ. Táàṣì kò gbọdọ̀ kàn án. Aáyán fẹ́ràn táàṣì ju ẹ̀bà lọ, aṣọ tó sì ní táàṣì nínú férémù dà bí oúnjẹ tí wọ́n gbé pamọ́ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fífa aṣọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò. Àwọn tó ń ṣe férémù lẹ́bàá títì pàápàá ń lò ó, nítorí fọ́tò ni ọwọ́ wọn mọ́ lára, oníbàárà sì ń kánjú. Gọ́ọ̀mù yóò mú aṣọ náà dán lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé; bí ọdún bá ń gorí ọdún, yóò wọ inú òwú, yóò pọ́n, yóò le gbagidi, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè yọ aṣọ náà mọ́ láìya á. Sẹ́lótéèpù kò sàn jù ú lọ. Ọ̀nà tó dára jù kò nílò ohunkóhun ju òwú líle àti abẹ́rẹ́ lọ, Yorùbá sì ti mọ irú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti àyàn tí ń fi ọṣán fa awọ dùndún yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Kí wọ́n gé páálí líle méjì lé ara wọn, kí ó fi díẹ̀ kéré sí inú férémù. Kí wọ́n fi aṣọ òwú funfun tí wọ́n ti fọ̀ bo páálí náà, nítorí páálí lásán ní oró tí ń mú aṣọ pọ́n. Kí wọ́n tẹ́ iṣẹ́ lé e lórí, kí aṣọ rẹ̀ sì kọjá etí páálí ní íǹṣì méjì yíká. Láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún píìnì sí etí páálí, tí wọn yóò máa lọ sí igun, tí wọn yóò máa wò ó bóyá òwú inú aṣọ náà dúró gbọọrọ. Nígbà tí ó bá gún régé, kí wọ́n dà á délẹ̀, kí wọ́n fi òwú líle ran etí òkè mọ́ etí ìsàlẹ̀ lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí tí yóò fi dé ìparí, kí wọ́n fà á le díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, etí ọ̀tún mọ́ etí òsì. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dà bí ara ìlù. Kí wọ́n wá yọ píìnì gbogbo, nítorí yóò dógùn-ún. Ọgbọ̀n ọdún sí i, ẹni tó bá fẹ́ fọ aṣọ náà yóò kàn gé òwú ẹ̀yìn ni, yóò sì mú aṣọ jáde láìlábàwọ́n.

Ní àkókò yìí ni àṣírí ẹ̀yìn iṣẹ́ máa ń tú. Ọmọ tó fi òwú dúdú kọjá láti òdòdó kan sí èkejì láìgé e, tó rò pé férémù yóò bo àléébù rẹ̀, yóò rí i pé bí wọ́n ti fa aṣọ funfun le, òwú náà yọ sí iwájú bí òjìji. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ tí ń yí iṣẹ́ dà kò ṣe é nítorí ìkà.

Gíláàsì kò gbọdọ̀ fara kan òwú. Òfin yìí ni àwọn tí ń ṣe férémù fọ́tò kì í rántí. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá, omi wẹ́wẹ́ máa ń sẹ̀ sí inú gíláàsì. Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ọn, yóò mu omi náà, yóò bu, àmì dúdú tíntìntín yóò sì kún ara rẹ̀. Ọ̀já páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, tí wọ́n tò yí etí férémù ká láàárín gíláàsì àti aṣọ, ti tó láti yà wọ́n nípá. Ẹni tí kò bá rí gíláàsì kò pàdánù púpọ̀: aṣọ yóò mí, kìkì pé eruku ọyẹ́ yóò bà á, ó sì ní láti máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè.

Ibi tí wọn yóò gbé e kọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Kì í ṣe ògiri tí òjò ń lù láti ìta, kì í ṣe iwájú wíńdò tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí sítóòfù sì wà lọ́dẹ̀dẹ̀, inú yàrá ló dára jù, lára ògiri tó wà láàárín yàrá méjì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá pàápàá kì í tan iná ńlá sí aṣọ, nítorí àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá mú lọ kì í padà. Kí wọ́n lẹ pákó kékeré méjì mọ́ igun ìsàlẹ̀ férémù lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín òun àti ògiri kọjá.

Ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ń gún aṣọ fún máàkì. Olùkọ́ yóò gbà á, yóò fún wọn ní mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá, aṣọ yóò sì lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, láti ibẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní bí a ti í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í kọ́ ọ ní bí a ti í parí rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá lè sọ ọ́ di òfin pé ìdajì máàkì yóò wà fún fífọ̀, fífà àti gbígbé iṣẹ́ sínú férémù tí ọmọ fi páálí àti ohun àlòkù ṣe, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá sípàdé, ògiri kíláàsì yóò ní ohun mìíràn lára ju orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì san owó lọ. Kí wọ́n má sì yọ ọmọkùnrin sílẹ̀. Bàbá ńlá rẹ̀ ló ń kọ iṣẹ́ sí agbádá.

Kí wọ́n tó fi bébà bo ẹ̀yìn férémù, ohun kan ṣì kù. Kí ẹni tó gún aṣọ náà kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí ara bébà kékeré, kí ó kọ ìlú rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá tó ti kú ló ṣe é, kí àwọn ọmọ kọ èyí tí wọ́n mọ̀. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n lò, nítorí tàdáwà máa ń ṣàn wọ aṣọ bí ọ̀rinrin bá dé bá a.